Táyà Ẹ̀yìn Tó Ń Jẹ Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kan

Mo ru iṣu ní ọjà Ìpàta, mo sùn lórí àpò, ebi lù mí kí n tó fi òógùn mi ra máṣíìnì tí mo fi ń ṣe ọ̀kadà.

Lónìí, táyà ẹ̀yìn ló pa mí lẹ́nu mọ́! Ìkẹta rèé tó ń jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Fọganáísà tó ń bá mi pààrọ̀ táyà ní: "Alájì, ta ló ń bá yín fa ṣéènì le?"

"Èmi fúnra mi! Mo ṣe Bísímílà, mo de nọ́ọ̀tì ọ̀tún, ó le."

"Ti òsì ńkọ́?"

Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó: n ò fọwọ́ kàn án rí.

"Ẹ ò yí méjèèjì dọ́gba ni táyà fi wọ́, tó fi ń jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bísímílà yín dáa, iṣẹ́ ni ò parí."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí lẹ̀ bá fi dá a lóhùn?

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá padà lọ jókòó tì í, kó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yí méjèèjì dọ́gba.