Ta Ni Ì Bá Gba Ìyá Fáìlì Síṣẹ́?

Ìyá Fáìlì kú láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, lórí ibùsùn rẹ̀, pẹ̀lú awò lójú. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni. Wọ́n ní bí a bá kú là á dère, èèyàn kì í sunwọ̀n láàyè. Ti obìnrin yìí yàtọ̀ o. Ó kú tán, kò tíì sunwọ̀n lójú yunifásítì tó fọwọ́ ara rẹ̀ dá sílẹ̀.

Ọdún mẹ́ta ló fi gbé báàgì ìwé láti ọ́fíìsì ìjọba kan dé òmíràn kí wọ́n tó fún un láṣẹ láti dá a sílẹ̀. Ó gba ilé kan tí wọ́n ti ń kó àpò òfìfo pamọ́ sí, ó kó àwa mẹ́tàlélógún jọ síbẹ̀, ó ní ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Òun ni gíwá, òun ni akọ̀wé àgbà, òun náà ló ń tilẹ̀kùn nírọ̀lẹ́. A sọ ọ́ ní Ìyá Fáìlì nítorí pé fáìlì ẹnikẹ́ni kì í sùn lórí tábìlì rẹ̀. Nígbà tí mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò tí mo fẹ́ máa lọ sílé, ó pè mí, ó ṣí fáìlì mi sílẹ̀.

"Wò ó, ọmọ mi, kò tíì kún. Ta lo fẹ́ kó bá ẹ kọ ìyókù?"

Mo bú sẹ́kún. Ó na áńkáṣíìfù sí mi, ó sì yára fa fáìlì sẹ́yìn kí omi ojú mi má baà ba ìwé òun jẹ́. Irú ìyá wa nìyẹn.

Ohun kan ṣoṣo ló bẹ ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì: bí òun bá kú, kí wọ́n gbé òun dé ilé àpò yẹn, tí wọ́n ti kùn lọ́dà báyìí tí wọ́n ń pè ní Gbọ̀ngàn Ńlá. Kí òun wà níbẹ̀ fún wákàtí kan, kí àwọn òṣìṣẹ́ àtàwọn ọmọ tí òun kọ́ wá dágbére, kí wọ́n tó lọ sin òun. Wákàtí kan péré.

Nọ́ọ̀sì lọ tọrọ gbọ̀ngàn. Obìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà rẹ́rìn-ín sí i dáadáa.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ẹ kú ọ̀fọ̀. Òṣìṣẹ́ tó bá kú la máa ń ṣí i fún. Nọ́ńbà òṣìṣẹ́ wọn ńkọ́?"

"Wọn ò ní nọ́ńbà. Àwọn ló dá ilé-ìwé yìí sílẹ̀."

"Mo gbọ́ yín mà. Ṣùgbọ́n ta ló wá gbà wọ́n síṣẹ́?"

Ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ fún wọn! Ọgbọ́n wo ló ju èyí lọ? Nígbà tí Ìyá Fáìlì ń fún àwọn òṣìṣẹ́ ní nọ́ńbà, bàbá agbálẹ̀ ló fún ní nọ́ńbà kìíní, ó ní ẹni tó gbálẹ̀ kí a tó jókòó ló ṣáájú wa dénú iṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ kò gba nọ́ńbà kankan. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ṣé kó kọ lẹ́tà sí ara rẹ̀ pé "inú wa dùn láti gbà ọ́ síṣẹ́" ni?

Bàbá agbálẹ̀ gbọ́, ó mú lẹ́tà tirẹ̀ wá nínú ọ̀rá.

"Ẹ wo orúkọ tó wà nísàlẹ̀ ìwé yìí. Ṣé ẹni tí ò sí níbi iṣẹ́ ló ń gbani síṣẹ́ ni?"

"Bàbá, ìyẹn fi hàn pé wọ́n gbà yín. Kò fi hàn pé ẹnikẹ́ni gba àwọn náà. Ká ní ẹ̀yin lẹ kú ni, à bá ti ṣí gbọ̀ngàn."

Bàbá ká lẹ́tà rẹ̀ padà sínú ọ̀rá. "Ṣé kí n yáa kú fún yín ni?"

A sin Ìyá Fáìlì lọ́jọ́ Ẹtì láìdé ibẹ̀. Ní wákàtí tó yẹ kí òkú rẹ̀ wà níbẹ̀ gan-an, kí a tó gbé e lọ sin, mo fẹsẹ̀ mi rìn lọ sí gbọ̀ngàn náà, mo yọjú lójú fèrèsé. Kò sẹ́ni kankan níbẹ̀. Fáànù ń yí fún àwọn àga. Wọ́n sì ti fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà sẹ́yìn àga kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́ kẹta, yunifásítì gbé ìkéde jáde pé àwọn pàdánù "ìyá rere, òpó tó gbé ilé wa ró." Ìyá wo? Èyí tí kò sí nínú kọ̀ǹpútà yín? Nọ́ọ̀sì ka ìkéde náà tán, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, nǹkan kan ṣoṣo ni Mọ́mì bẹ̀ mí. Mi ò rí i ṣe." Inú ń bí mi, ó sì ń bí mi títí di ìsinsìnyí.

Gíwá tó wà lórí oyè báyìí ní ẹ̀bi kọ̀ǹpútà ni. Irọ́ ni, sà. Kọ̀ǹpútà kì í mú kọ́kọ́rọ́ dání. Ẹnì kan ló mú kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, tó mọ̀ pé a fẹ́ gbé òkú ìyá wá, tó dá a padà sápò. Ta ni? Ta ló sì pàṣẹ fún un? Ẹ má fi orúkọ ìyá sọ òpópónà kankan, ẹ má gbẹ́ ère. A ò lè hú u jáde kó wá lo wákàtí kan. Ẹ mú ẹni náà jáde lórúkọ àti lójú, ẹ mú un lọ síwájú ọmọ olóògbé, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ìdí tó fi kọ̀ fún un.