Yodì Bàbá Oyinkán

Ọjọ́ tí Bàbá Oyinkán dé láti ibi tó ti lọ dákẹ́, gbogbo àdúgbò wa ní Ìsọlọ̀ gbà pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ọkùnrin tí a máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ kí a tó rí i, a kí i káàbọ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kọjá. Ẹnu yà wá.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé e débẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń tún ṣe ní ilé iṣẹ́ kan ní Estate, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá wà, kò sì sí ọjọ́ tí kì í bá ẹnì kan fa ọ̀rọ̀. Oyinkán ọmọ rẹ̀ ló wá ibì kan lọ́nà Ẹ̀pẹ́, níbi tí wọ́n ti ń jókòó, tí wọ́n ń fiyè sí èémí wọn, tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. A ní wọn á dá a padà kó tó di ìrọ̀lẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ gbé omi fún un. Ó tẹjú mọ́ omi náà títí, ó mu ún díẹ̀díẹ̀, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀.

"Bàbá Oyinkán, kí ni mo ṣe?"

Kò fèsì. Bẹ́ẹ̀, bàbá obìnrin yìí bá ìyá rẹ̀ yodì títí ìyá fi kó jáde nílé ni. Ìyàwó wọ yàrá, ó bẹ̀rẹ̀ sí di ẹrù.

Ọláyanjú, télọ̀ tó ń gbé yàrá kejì, sáré wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì wọ́n." Bàbá ń wò ó, ó ń sunkún. Nígbà tó yá, ẹ̀rù ba Ọláyanjú fúnra rẹ̀. Ó yíjú sí yàrá: "Ìyá Oyinkán, kí lẹ ṣe fún wọn gan-an?"

Ìyàwó gbé báàgì jáde. Ìgbà yẹn ni Bàbá la ẹnu.

"Níbo lò ń lọ?"

"Ẹni tí ọkọ rẹ̀ ń bá yodì, kí ló tún ń dúró ṣe?"

"Yodì kẹ̀? Wọ́n ní kí n má sáré sọ̀rọ̀ tí mo bá délé. Èmi ni mo fi díẹ̀ kún un." Ó gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀. "Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni mo ti gbọ́ bí mo ṣe máa ń jágbe mọ́ ọ. Ó burú, Ìyá Oyinkán. Ó burú gan-an."

Ọláyanjú dìde, ó gbọn eruku àyà rẹ̀. "Ẹ̀bẹ̀ tèmi ńkọ́?"

Ẹ má rò pé ó di áńgẹ́lì o. Ó ṣì ń jà. Ṣùgbọ́n ní ọjà Aswani, níbi tó ti máa ń bá àwọn aláṣọ ná ọjà títí wọ́n á fi bínú, ó kàn ń dúró níwájú aṣọ ni, ó ń wò ó láìsọ̀rọ̀. Àwọn tó ń tà á ló ń já owó rẹ̀ wálẹ̀ fúnra wọn, wọ́n á ní kó jọ̀ọ́, kó kúkú gbé e lọ. Láràárọ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀ á jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé. Wọn ò ní sọ nǹkan kan.

Ojú oorun ni Bàbá bá lọ, lọ́dún tó kọjá. Nígbà tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ délé fún ìsìnkú, ìyàwó rẹ̀ gbé bẹ́ǹṣì yẹn wọlé, ó jókòó ti pósí. A kí i, kò dáhùn. Gbogbo wa ò mọ ohun tí a máa ṣe. Ọláyanjú tún ti ń dọ̀bálẹ̀.

"Dìde, Ọláyanjú," obìnrin náà ní. "A ò yodì. A jọ jókòó ni."