Kásẹ́ẹ̀tì Àbúrò Ọkọ Mi

Ọmọ mi kan tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ sọ fún mi láìpẹ́ yìí pé fọ́tò tí mo bá fi fóònù yà máa ń gbé ibi tí mo ti yà á àti àkókò tí mo yà á pamọ́ sínú ara rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá mọ ọgbọ́n rẹ̀ lè tú u wò, kó sì wá mi délé. Ó rò pé ẹ̀rù máa bà mí. Mo ní kó jókòó. Ohun tó ń pè ní ọ̀rọ̀ ayé òde òní yìí ti dé bá wa rí ní Ṣakí, nígbà tí bàbá rẹ̀ ṣì ń ná Kútọnu, tí a kò tíì bí òun.

Bàbá rẹ̀ ló ra rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì bọ̀ láti ọ̀hún. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ èèyàn wa tó wà nídàálẹ̀ kì í yọ ara wọn lẹ́nu pẹ̀lú lẹ́tà. Wọ́n á sọ̀rọ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n á fi rán awakọ̀, gbogbo agbo ilé á sì pé jọ láti gbọ́ ọ. Bí ẹni náà bá ti kí ìyá rẹ̀, á dákẹ́ díẹ̀ kí ìyá lè dáhùn. Á kí bàbá, á tún dákẹ́. Ọmọ tó bá ń kíni láìfi àyè ìdáhùn sílẹ̀, a ó ní kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ìyá ọkọ mi a sì máa dá rédíò lóhùn bí ẹni pé ọmọ wà lórí ẹní níwájú òun.

Àbíkẹ́yìn rẹ̀ nìkan ni obìnrin nínú àwọn ọmọ tó bí. Èmi àti àbúrò ọkọ mi yìí mọwọ́ ara wa gan-an, èmi ni mo dirun fún un nígbà tó ń lọ sílé ọkọ. Ọkọ tó fẹ́ ń lù ú. Ó lù ú títí oyún fi bà jẹ́ lára rẹ̀. Ọmọ náà sá lọ, ọkọ sì búra pé ibi yòówù kó wọlẹ̀ sí, òun á wọ́ ọ padà wálé. A mọ ọkùnrin náà, a mọ̀ pé ó lè pa á. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan tí ìyá ọkọ mi kò mọ̀ bóyá ọmọ òun wà láyé tàbí kò sí. Oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Àánú rẹ̀ máa ń ṣe mí.

Ìgbà náà ni kásẹ́ẹ̀tì dé. Ẹnì kan ló fún awakọ̀ tó kó iṣu bọ̀ láti Ìlerò, kò dárúkọ ara rẹ̀, wọn kò sì kọ ohunkóhun sára bébà tí wọ́n fi wé e. Ọmọ náà ṣọ́ra. Ó ní ara òun le, ó ní ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn rere ni òun ń gbé, kí ìyá má sunkún mọ́. Kò dárúkọ ìlú, kò dárúkọ èèyàn. Ó kí ìyá rẹ̀, ó dákẹ́. Ìyá ọkọ mi ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń wí pé, "O kú ewu, ọmọ mi. O kú ewu." Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ni mo ń bá a tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ìrun àárọ̀. Bí bátìrì bá kú, á ra òmíràn kó tó ra iyọ̀.

Bàbá kan wà tó máa ń wá ra òwú lọ́wọ́ rẹ̀ fún àwọn ahunṣọ. Ó bá wa nídìí rédíò láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó jókòó. Nígbà tí ọmọ kí ìyá tó dákẹ́, bàbá náà rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ dá a padà díẹ̀," ló wí. Mo dá a padà. "Ṣé ẹ gbọ́ bí òfì ṣe ń ró lẹ́yìn rẹ̀? Ẹ tún gbọ́ ẹni tó ń pe ìrun yẹn, tí ohùn rẹ̀ ń há. Ládàánì mọ́sálásí wa ni, ikọ́ ló bà á lóhùn jẹ́. Àṣé Ìsẹ́yìn ni ọmọ yín wà. Kò tiẹ̀ jìnnà sí ilé mi."

Ó rò pé ìròyìn ayọ̀ ni òun mú wá. Mo wo ojú ìyá ọkọ mi, ojú náà ti ṣú. Ó bẹ bàbá náà pé kó fi ọ̀rọ̀ náà sínú, ó sì gbà. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ kò fẹnu sọ, àyè tó fi sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀ láti dáhùn ti sọ ọ́. Nígbà tí bàbá olówùú lọ tán, ìyá bi mí pé bí èèyàn bá sọ̀rọ̀ lé ọ̀rọ̀ inú kásẹ́ẹ̀tì, kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Mo ní ó ń pa rẹ́ ni.

Ìròyìn kásẹ́ẹ̀tì kò pẹ́ dé ilé ọkọ ọmọ náà. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ wọlé tọ̀ wá. Ọlọ́rọ̀ dídùn ni, irú wọn ni mo sì máa ń bẹ̀rù jù. Ó ní àárò ìyàwó àwọn ń sọ àwọn, kí òun gbọ́ ohùn rẹ̀ díẹ̀, kí òun sì mú kásẹ́ẹ̀tì lọ fún ọkọ kí ọkàn rẹ̀ lè rọ̀. Ta ló ń lé àna lẹ́nu ọ̀nà? Bí a bá sì ní ó ti bà jẹ́, á mọ̀ pé nǹkan wà nídìí rẹ̀.

Ìyá ní kí n gbé rédíò wá. Mo rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ọmọ kí i, kó sì tó dákẹ́ ni ìyá ti fi igbe dáhùn, ó ń kì í ní oríkì, kò mí. Ìgbà náà ló yé mi. Nígbà tó kan àwa ìyàwó ilé, mo figbe bọnu, mo ń pàtẹ́wọ́, àwọn yòókù sì gbè mí. Òfì ń ró, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Àna ń wò wá bí ẹni pé ayọ̀ ti yí wa lórí.

Nígbà tó parí, ó nawọ́ sí kásẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ ní sùúrù, àna mi," ni ìyá wí. "Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀bẹ̀ tèmi sí i, kí ọkọ rẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu mi." Ó yíjú sí mi. "Ìyàwó mi, dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀."

Mo sọ ọ́ sí i létí pé, "Ìyá, eléyìí nìkan la ní o."

"Mo mọ̀. Tẹ̀ ẹ́."

Mo dá a padà, mo tẹ bọ́tìnì pupa tí wọ́n fi ń gba ohùn sínú rẹ̀. Ó bẹ ọkọ, ó bẹ bàbá ọkọ, ó kí gbogbo ará ilé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan àwọn tó ti kú. Bóyá àna mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, bóyá kò mọ̀, ta ni yóò dí ìyá ìyàwó lẹ́nu níbi tó ti ń bẹ̀bẹ̀? Kò dákẹ́ títí kásẹ́ẹ̀tì fi dúró fúnra rẹ̀. Ó yọ ọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

Ọkọ náà wá a dé Ìbàdàn, ó wá a dé Èkó, kò yà sí Ìsẹ́yìn. Nígbà tó yá, ó fẹ́ ẹlòmíràn, kí Ọlọ́run ṣàánú onítọ̀hún. Àwa náà ti rán bàbá olówùú sí ọmọ pé kó má ṣe rán kásẹ́ẹ̀tì mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi àti ìyá ń bó ẹ̀gúsí lábẹ́ igi. Ó ṣàdédé dáwọ́ dúró.

"Ìyàwó mi, báwo ló ṣe wí níbi tó ti kí mi yẹn? Ohùn rẹ̀ ti ń lọ létí mi."

Mo ti mọ gbogbo rẹ̀ sórí. Mo gbé igbá sílẹ̀, mo fi ohùn kíákíá tí ọmọ náà fi máa ń sọ̀rọ̀ kí i: "Ìyá mi, ẹ kú àtìjọ́. Ara mi le. Ẹ má sunkún mọ́." Mo dákẹ́.

Ó fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè mí, ó ní kí n máa jẹun dáadáa.