Aago Tí Kò Ní Dígí

Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni mo ń ta bàrà olómi kan ní Mowe lọ́dún náà, èyí tí ẹ̀yin ọ̀làjú ń pè ní wọ́tàmẹ́lọ̀n. Ẹni tó bá ná an ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, mo máa ń ní kó lọ gbin tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá rántí ààwẹ̀ ọdún yẹn, òórùn bàrà kọ́ ló ń wá sí mi nímú. Òórùn lẹ́búlẹ́bú pákó ìrókò ni, tó gbẹ, tó ń ta ni nímú bí aáṣáà, ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan ní Ìfọ̀.

Kí ni oníbàrà ń wá níbẹ̀? Aago ni mo lọ gbẹ́. Ládàánì mọ́sáláṣí àdúgbò wa, bàbá arúgbó tó ń pe ìrun fún wa, ni mo fẹ́ fi ta lọ́rẹ. Nígbà tí mo kó dé láti Ìwó pẹ̀lú àpò kan àti ẹnu mi, iwájú ilé wọn ni wọ́n ní kí n pàtẹ sí, wọn ò gba kọ́bọ̀. Ojú wọn ti wá ń ṣú, wọn ò rí ọwọ́ aago mọ́. Wọ́n ti ṣi Alaasari pè lẹ́ẹ̀mejì, alága mọ́sáláṣí, Alhaji kan tó ń ta búlọ́ọ̀kù, sì ti sọ lójú gbogbo wa pé: "Bàbá, tí ẹ bá tún ṣì í pè lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ ó fi ìpè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn." Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá ti ń pe ìrun. Wọ́n kàn ń fọwọ́ pa orúnkún wọn, bí ẹni tó ń wá nǹkan níbẹ̀.

Èmi kì í lè jókòó wo irú rẹ̀. Mo wá aago tí ènìyàn lè fọwọ́ kà dé Ìbàfò, mo wá a dé Ajuwọn, gbogbo wọn ló ní dígí lójú. Ni mo bá ra ẹ́ńjìnnì aago àti bátìrì, mo fi bàrà ti aládùúgbò, mo wọkọ̀ lọ sí Ìfọ̀. Káfíńtà náà, ọmọ Ọ̀yọ́, la pákó fún mi, ó sì yá mi ní irinṣẹ́. Èmi ni mo gbẹ́ ẹ yípo, mo fi sáńpépà ha á títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi ń ta mí. Ìṣó ni mo kàn dípò nọ́ńbà: mẹ́ta níbi aago méjìlá, méjì-méjì níbi aago mẹ́ta, mẹ́fà àti mẹ́sàn-án, ẹyọ kọ̀ọ̀kan níbi tó kù. N ò kàwé lọ títí, ṣùgbọ́n n ò ṣi ìṣó kà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń lọ tí mo ń bọ̀. Bí mo bá wà ní Ìfọ̀, ọkàn mi wà nídìí bàrà, bí mo bá wà nídìí bàrà, ọwọ́ mi ń wá sáńpépà.

"Ìyá Oníbàrà, aago lẹ ń gbẹ́ ni àbí ọpọ́n?" káfíńtà bi mí.

"Ọpọ́n ni. Orí ẹ ni mo fẹ́ gbé lé e."

Àárọ̀ ọjọ́ Àlàmísì ni mo gbé e fún bàbá. Wọ́n gbé ìka lé ìṣó mẹ́ta tòkè, wọ́n ń fà á bọ̀ lápá ọ̀tún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí ó fi kan ọwọ́ gígùn, lẹ́yìn náà ọwọ́ kúkúrú. "Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún!" Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Wọ́n gbé e kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń pe ìrun. Láti ìdí àtẹ mi ni mo ti ń wò wọ́n: wọ́n dìde, wọ́n fọwọ́ kà á, wọ́n jókòó, wọ́n tún dìde. Ayọ̀ ò jẹ́ kí wọ́n lè gbé ìdí kalẹ̀. Mo ń rẹ́rìn-ín, òmùgọ̀ èmi.

Nírọ̀lẹ́, òjò ṣú, ojú ọ̀run dúdú. Bàbá pe Mọ̀gàríbì. Ta ni kò jẹun láti ìdájí tí yóò tún máa yẹ fóònù wò? Gbogbo àdúgbò ṣínu. Omi bàrà ti ṣàn dé ìgúnpá mi, mo ti wà lórí ẹ̀là kejì, nígbà tí a gbọ́ ìpè láti mọ́sáláṣí òdìkejì ọ̀nà. A wo ojú ara wa. Ẹnu kún, kò sẹ́ni tó lè gbé e mì, kò sẹ́ni tó lè tu ú. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún la fi ṣáájú oòrùn.

Ìka bàbá ni. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fà á bọ̀ láti òkè tó kan ọwọ́ gígùn, wọ́n ń tì í síwájú díẹ̀, láti àárọ̀. Dígí tí mo ń bú, àṣé iṣẹ́ ló ń ṣe.

Alhaji dé pẹ̀lú kóró dàbínù lẹ́nu. "Ìyá Oníbàrà ni! Wọ́n fẹ́ kí ọjà wọn tètè tà!" Gbogbo ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé aago náà mọ́ àyà. "Ẹ má bá a wí. Mo ti fi ìpè sílẹ̀."

Mo ju Alhaji lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀. "Bàbá ò ṣì í pè, aago mi ló purọ́ fún wọn. Tí ẹ bá fẹ́ lé ẹnì kan, ẹ lé aago. Ẹ̀yin tí ẹ lójú méjì, tí ẹ ní fóònù méjì, dàbínù mélòó lẹ ti jẹ?"

Alhaji yọ kóró náà lẹ́nu. Ó wò ó. "Mẹ́ta," ló wí. Ó ní: "Bàbá, ẹ máa pè é lọ. Èmi á máa dúró tì yín, màá máa sọ fún yín pé ó tó."

Bẹ́ẹ̀ ló sì ń ṣe títí dòní. Aago wà ní yàrá bàbá, wọ́n ń tì í síwájú bó ṣe wù wọ́n. Èmi tí mo sáré lọ Ìfọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, n ò fi ìdajì wákàtí jókòó ti bàbá kí n bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́. Ẹni tí yóò dúró tì wọ́n ni wọ́n nílò, ìyẹn ò sì gba ìṣó kankan. Lẹ́yìn Ìtúnu, gbogbo wa san ààwẹ̀ ọjọ́ kan yẹn padà. Kí ẹnikẹ́ni má baà tún sọ pé mo fi aago jèrè, bàrà mọ́kànlá ni mo gé fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà: ẹgbẹ̀rún méjìlélógún náírà.