Bí Yógà Ṣe Gbé Mi Dé Iwájú Mánéjà ní Ìsánlú

Àkùkọ kò tíì kọ lẹ́ẹ̀kejì tí mo fi jáde nílé bàbá mi ní Kàbà, tí mo forí lé gáréèjì. Inú ń bí mi. Mo sọ ọ́ ṣáájú ohun gbogbo, nítorí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ọkàn mi balẹ̀ nínú ìrìn àjò yìí. Láti ìgbà tí mo ti parí ẹ̀kọ́ mi n'Íbàdàn, òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mi ò lè lo ẹní yógà mi. Mo gbìyànjú. Mo jókòó, mo di ojú, mo fa èémí sínú, ṣùgbọ́n lẹ́tà tó wà lápò mi ni mo ṣì ń kà nínú òkùnkùn ojú mi.

Ọ̀dọ̀ mánéjà àwọn ilé-ìwé ìjọ wa, tó ń gbé ní Ìsánlú, ni lẹ́tà náà ti wá. Ó ní kí n wá lọ́jọ́ Ẹtì, kí n wá sọ ìdí tí wọn ò fi ní gba iṣẹ́ tíṣà lọ́wọ́ mi, nítorí àgbà ìjọ kan ti jẹ́rìí pé òrìṣà àjèjì ni mò ń bọ ní àràárọ̀.

Yógà ni wọ́n ń pè ní òrìṣà. Lọ́dún tó kẹ́yìn n'Íbàdàn, àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í já láìnídìí. Bí mo bá jókòó ti ìwé, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n, èémí mi á kúrú bíi ti ẹni tó sáré gun òkè. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, ojú ń tì mí. Ọmọ tí gbogbo ìdílé fi ń yangàn, ta ni yóò sọ fún pé ẹ̀rù ìwé ń ba òun? Olùkọ́ ìṣirò kan tó wá láti Íńdíà ló ṣàkíyèsí mi. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń jókòó lórí ẹní, bí a ṣe ń na ẹ̀yìn, bí a ṣe ń fi orí dúró, àti bí a ṣe ń ka èémí: mẹ́rin sínú, kí a dì í mú fún mẹ́jọ, kí a tú u síta fún mẹ́jọ. Ó ní lédè wọn, àjàgà ni yógà, ohun tí ń so ara àti ọkàn pọ̀ bí wọ́n ṣe ń so màlúù méjì kí wọ́n lè jọ fa ẹrù. Kò dárúkọ òrìṣà kankan fún mi. Òfin kan ṣoṣo ló fún mi: bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ohunkóhun kò gbọdọ̀ dá mi dúró. Mo pa òfin náà mọ́ bí ẹni tó ń mu oògùn. Láàárín oṣù mẹ́ta, àyà mi kò já mọ́. Nígbà tí mo padà sílé wá ṣe tíṣà, abẹ́ igi kọfí bàbá mi ni mò ń tẹ́ ẹní sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà oko, nítorí inú ilé há.

Ọkọ̀ bọ́lẹ̀kájà kan tó ń lọ sí Ẹ̀gbẹ̀ ni mo wọ̀. Ṣílè méjì àti sísì ni wọ́n ń gbà dé Ìsánlú. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà yóò san ṣílè mẹ́rin. Ẹ̀yìn ni mo wà, lórí pákó, láàárín àpò kọfí àti agbọ̀n adìyẹ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àyè fi ìdí lé ni ọkùnrin arúgbó kan na ọwọ́ kí wọ́n fa òun gòkè. Bàbá Dáníẹ́lì ni, aládùúgbò wa, àgbà ìjọ wa, tí oko rẹ̀ wà lẹ́yìn oko tiwa. Kò sí àyè níbòmíràn àfi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo mọ ibi tó ń lọ. Kò sí àgbà ìjọ mìíràn tí ọ̀nà oko rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ẹní mi: òun ni ẹlẹ́rìí.

Mo kọ ojú síta. Mi ò kí i. Láti kékeré mi, mi ò fi ojú kan àgbàlagbà kí n má kí i rí, ṣùgbọ́n ìbínú mi borí ẹ̀kọ́ ilé. Òun náà kọjú síwájú. Ìyá tó ni agbọ̀n adìyẹ wò mí, ó wò ó, ó ní àwọn adìyẹ òun tiẹ̀ ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ilẹ̀ pupa ni ọ̀nà náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹni tó ti gun ọ̀nà ọ̀dà n'Íbàdàn yóò mọ ohun tí mò ń wí: ibẹ̀, ènìyàn lè sùn nínú ọkọ̀, níhìn-ín, ńṣe ni eyín ń gbá eyín. Nígbà tí a dé Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀, ìpéǹpéjú gbogbo wa ti pọ́n. Ọkọ̀ dúró kí a jẹun. Àkàrà mẹ́fà ni wọ́n ń tà ní tọ́rọ́, ó sì tóbi ju ti Ìbàdàn lọ. Obìnrin Fúlàní kan ń ta fùrá, ìyẹn jéró tí wọ́n gún, tí wọ́n ṣù róbótó, tí wọ́n ń pò mọ́ wàrà kíkan. Kọ́bọ̀ méjì ni igbá kan. Àwọn ọ̀rẹ́ mi n'Íbàdàn kò mọ̀ ọ́n rárá, àwa tí wọ́n ń ṣàkóso láti Kàdúná ti ń mu ún tipẹ́.

Bàbá Dáníẹ́lì ra àkàrà. Ó tú ewé rẹ̀ sórí pákó láàárín àwa méjèèjì. Ebi ń pa mí gan-an. Mi ò fọwọ́ kàn án. Ó jẹ méjì, ó di ìyókù.

Dírẹ́bà wa, ọmọ Mọ̀pà kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, fi orí yọ wò mí kó tó gbéra. Ó béèrè bóyá èmi ni tíṣà tó ń fi orí dúró ní Kàbà. Ìròyìn mi ti ṣáájú mi dé ojú ọ̀nà.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó ní. "Bí ọkọ̀ yìí bá dorí kodò lónìí, ìwọ nìkan ló máa wà ní ìdúró."

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, àfi Bàbá Dáníẹ́lì. Mo di ojú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka èémí. Mo kà dé mẹ́ta ni eruku wọ ọ̀fun mi, mo húkọ́ títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìgbà náà ni ẹ̀rù tòótọ́ bà mí. Ohun tí mo gbójú lé láti ọdún kan sẹ́yìn kò ràn mí lọ́wọ́. Lábẹ́ igi kọfí, lémi nìkan, ọlọ́kàn tútù ni mí. Láàárín ènìyàn ogún, iná ni mí.

Kí a tó dé Mọ̀pà, a kan afárá kan tí pákó rẹ̀ ti jẹrà. Dírẹ́bà ní kí gbogbo wa sọ̀kalẹ̀, kí a fẹsẹ̀ rìn kọjá, kí òun àti mọ́tò-bọ́ì tún pákó tò kí ọkọ̀ tó tẹ̀ lé wa. Mo yára kọjá. Bàbá Dáníẹ́lì rọra ń bọ̀ lẹ́yìn, ó di okùn ẹ̀gbẹ́ afárá mú. Mi ò padà lọ fa ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi létí odò, mi ò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Bàbá, kí ni mo fi ṣe yín?"

"O tiẹ̀ mọ̀ pé o ní ohùn," ó ní.

Mo ní ohun tó ń sọ kò yé mi.

"Òkun," ó ní. "Ní àràárọ̀ ni mò ń kọjá lọ sóko, tí mò ń rí ọ lábẹ́ igi kọfí, tí mò ń kí ọ pé 'òkun o'. Lọ́jọ́ kìíní, mo rò pé o ń sùn níjòókòó ni. Lọ́jọ́ kejì mo dúró, mo tún un sọ. O la ojú, o wò mí, o sì tún di ojú. Bàbá rẹ kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi rí. Bàbá tó bí bàbá rẹ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Òkú nìkan ni mo kí rí tí kò dá mi lóhùn."

Mo rántí ọjọ́ náà. Mo wà lórí márùn-ún nínú mẹ́jọ.

"Ẹ wá lọ sọ fún mánéjà pé mò ń bọ òrìṣà?"

"Èmi? Mo dìde nínú ìjọ, mo ní kí wọ́n bá mi gbàdúrà fún ọmọ kan tí Ìbàdàn gba ohùn lẹ́nu rẹ̀. Àwọn tó mọ̀wé ló kọ èyí tó wù wọ́n."

Mi ò lè purọ́ pé ìbínú mi tán. Ó pín sí méjì ni: ìdajì lọ bá àwọn akọ̀wé ìjọ, ìdajì padà sọ́dọ̀ èmi fúnra mi. Ní ilẹ̀ tiwa, òkun tí a fi ń kí ara wa ni a fi ń mọ̀ pé ẹnì kan ṣì wà láàyè, pé kò sí ìjà. Èmi ọmọ Kàbà, mo ti pa á tì ní gbogbo òwúrọ̀, mo sì ń pe ìyẹn ní ìfọ̀kànbalẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú ilẹ̀ pupa, mo kí i ní gbogbo òkun tí mo jẹ ẹ́.

Dírẹ́bà pariwo láti orí afárá pé kí wọ́n wò ó, tíṣà tún ti bẹ̀rẹ̀.

Ní Ìsánlú, mánéjà kò ní kí a jókòó. Ó ti tẹ ìwé kan sílẹ̀ tí mo gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí, pé mo ti fi ìbọ̀rìṣà sílẹ̀ láti òní lọ. Mo ní mi ò lè fi ohun tí mi ò bẹ̀rẹ̀ rí sílẹ̀. Ó ní ó dáa, iṣẹ́ mi ti tán. Ó wá kọjú sí Bàbá Dáníẹ́lì, ó ní kó sọ ohun tó rí.

"Mo rí ọmọ tí a kí tí kò dáhùn," ni bàbá náà wí. "Ìyẹn jẹ́ tèmi àti ilé bàbá rẹ̀, a sì ti parí rẹ̀. Ti orí tó fi dúró, ta ni kò ṣe é létí odò nígbà tó wà lọ́mọdé?"

Mánéjà gbé ìwé tí wọ́n kọ ẹ̀rí náà sí sókè. "Ohun tí ẹ kọ sínú èyí kọ́ nìyẹn."

"Èmi kì í kọ̀wé, sà. Mi ò mọ̀ ọ́n kọ."

Mánéjà ká ìwé náà pa. Kò bẹ̀ wá. Kò béèrè ẹni tó kọ ọ́. Ó ní iṣẹ́ mi kò bọ́, ṣùgbọ́n láti táàmù tó ń bọ̀, Pónyàn, abúlé tó jìnnà sí ọ̀nà ọkọ̀, ni mo máa lọ, kí ọ̀rọ̀ náà lè rọlẹ̀ ní Kàbà. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ fi jẹ mí níyà ni. Bí Pónyàn bá jẹ́ ìyà, kí ni àwọn ọmọ ilé-ìwé Pónyàn ṣe? Mi ò sọ ọ́ jáde, mo sì ń bínú títí di òní pé mi ò sọ ọ́.

Ṣílè méjì àti sísì náà la tún san padà. Nígbà tí a kọjá Mọ̀pà, Bàbá Dáníẹ́lì tú ewé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Àkàrà mẹ́rin ló kù, ó ti tutù, eruku ti bà á. Mo jẹ mẹ́ta.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí a sọ̀kalẹ̀ ní Kàbà. Ìyá mi kò béèrè ohunkóhun kí ó tó gbé iyán síwájú mi. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo tẹ́ ẹní mi sábẹ́ igi kọfí. Ìbínú mi sí mánéjà ṣì wà láyà mi bí òkúta, ṣùgbọ́n mo fa èémí sínú, mo dì í mú, mo sì ń kà. Mo kà dé mẹ́fà ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ lójú ọ̀nà oko.

"Òkun o."

Mo jẹ́ kí èémí náà lọ.

"Òkun o, bàbá."

Kò dúró. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ igbó kí ó tó sọ̀rọ̀, kò sì bojú wẹ̀yìn. "Ó dáa," ó ní, "máa bá tìrẹ lọ."

Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ení.