Màrìwò Tí Mo So Sójú Ọ̀nà Agbépo

Inú máa ń tètè bí mi. Kò yí padà láti kékeré, kí ẹnikẹ́ni má sì retí pé n ó tọrọ àforíjì nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Olùkọ́ ni mí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Abúlé bàbá mi, lẹ́yìn Ibefun, ni ìyá mi ń gbé. Ilé-iṣẹ́ kan wà lẹ́yìn ilé wa níbẹ̀ tó ní jẹnẹrétọ̀ mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó yàrá kan. Epo díísù ni wọ́n ń mu tọ̀sán-tòru. Èéfín wọn ń bà lé gààrí tí a bá sá, ó sì ń wọ àyà ìyá mi. Dókítà wò ó tán, ó ní kò ju ọ̀nà méjì lọ: ká gbé ìyá kúrò nídìí èéfín, tàbí ká gbé èéfín kúrò lọ́dọ̀ ìyá.

Ìyá mi ní, "Mi ò níí kúrò n'ulé ọkọ mi. Ibẹ̀ la sin ín sí."

Ó ku ọ̀kan.

A kọ lẹ́tà títí, kò sẹ́ni tó dá wa lóhùn. Mo wá sọ fún àwọn obìnrin abúlé pé bí epo ò bá wọlé, èéfín ò ní jáde. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọkọ̀ agbépo ń gbà wá. Àwa obìnrin mọ́kànlá la pinnu láti dí i. Èmi ni mo dá a lábàá pé ká so màrìwò dí ojú ọ̀nà, nítorí kò sí ọmọ Ìjẹ̀bú tí yóò rí imọ̀ ọ̀pẹ yẹn ní ìdábùú ọ̀nà tí kò ní dúró.

Ìyá mi ní, "Ọwọ́ obìnrin kì í so màrìwò o."

Mo fi rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un pé ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, èèwọ̀ yẹn ò kàn mí. Mo fẹ́ yá aṣọ Ògún lò láìkí ẹni tó ni ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan tí iléèwé wà ní ọlidé, a so ó, a sì jókòó sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú orógùn tí a fi ń yan gààrí lọ́wọ́. Agbépo dé. Awakọ̀ náà rí màrìwò, ó pa ọkọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí fìlà. Ó ní kódà bí wọ́n bá lé òun lẹ́nu iṣẹ́, òun ò ní kọjá. Ó fi ọkọ̀ rìn sẹ́yìn títí tó fi dé ojú títì. Àwa ń jó.

Ayọ̀ náà ò tó wákàtí kan. Àwọn ọkùnrin abúlé wa ló dé, pẹ̀lú kùmọ̀ àti àdá. Àbúrò bàbá mi, tó jẹ́ olórí àwọn ológùn-ún, ló ṣáájú wọn. Láti ọdún tí èéfín ti ń pa wá, wọn ò jáde. Màrìwò kan ni wọ́n rí tí wọ́n fi yọ àdá!

"Ta ló so ó?"

Mo ní, "Èmi ni, bàbá."

Ó gbá mi létí, mo ṣubú lulẹ̀. Wọ́n da kùmọ̀ bo àwọn ẹgbẹ́ mi, mo gbọ́ bí egungun apá ẹnì kan ṣe kán. Ìyá mi sáré wọ àárín wa, ó ń wúkọ́, ó ń pariwo pé, "Ọkọ mi, ọmọ yín ni! Ọmọ yín ni!" Bàbá kékeré yìí tì í dànù. Bí mo ṣe rí ìyá mi nílẹ̀, mo gbé orógùn, mo là á mọ́ ọn lẹ́rẹ̀kẹ́. Ẹ̀jẹ̀ bò ó lẹ́nu. Inú mi dùn. Mo mọ̀ pé kò yẹ kó dùn, àmọ́ ó dùn.

Lẹ́yìn tí wọ́n nà wá tán, wọ́n dájọ́. Wọ́n ní ọkọ̀ kankan ò gbọdọ̀ gba ọ̀nà náà títí ọwọ́ tó so màrìwò yóò fi fa ajá ètùtù wá. Èmi nìyẹn. Ní ọjọ́ kejì, epo tó kù nílé-iṣẹ́ tán, àwọn jẹnẹrétọ̀ sì dákẹ́. Ìyá mi fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní, ó sùn di ọ̀sán láìwúkọ́ ẹ̀ẹ̀kan.

Mo jókòó tì í, mo ń sunkún. Mi ò wá ajá kankan lọ.

Ní ọjọ́ keje, ilé-iṣẹ́ náà fúnra wọn ra ajá, wọ́n fi mọ́tò gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà wa. Bàbá kékeré dúró tì í, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣì wú. Ó na okùn ajá sí mi.

"Fà á, ká lọ."

Mo gbà á. Mo tú okùn lọ́rùn ajá, mo sọ ọ́ lókùúta, ó sì sá wọ igbó.

Ẹ̀ṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbá mi yọ eyín mi méjì. Mi ò mọ iye tó tẹ̀ lé e. Aládùúgbò ló gbé mi wọlé.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, bàbá kékeré fa ajá mìíràn wá fúnra rẹ̀. Ó ní òun ni bàbá mi, ọwọ́ òun ni ọwọ́ mi. Wọ́n ṣe ètùtù, agbépo wọlé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn jẹnẹrétọ̀ ti ń ké, ikọ́ ìyá mi sì ti padà.

Ó wúkọ́ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ kan ètè mi tó wú.

"Ṣé ó ń dùn ẹ́?"

Mo ní ó ń dùn mí.

"Mo kúkú sùn," ni ìyá mi wí. "Mo sùn dáadáa."