Òwú Àǹtí Waliyat àti Ẹja Madagásíkà

Àbúrò ìyá mi ni Àǹtí Waliyat. Onídìrí ni wọ́n ní Ajah, ṣọ́ọ̀bù wọn kò jìnnà sí Abraham Adésànyà Estate. Ẹni tó bá wọlé síbẹ̀ kì í kọ́kọ́ wo dígí. Àpótí gíláàsì tí ẹja wà nínú rẹ̀ ló máa ń wò.

Oníbàárà wọn kan tó ń jẹ́ Fèyíkẹ́ ló fún wọn ní àwọn ẹja náà nígbà tó ń kó lọ sí òkè òkun. Ó ṣàlàyé pé Bedotia ni wọ́n ń pè wọ́n, pé kò sí ibi tí Ọlọ́run dá wọn sí ju inú omi erékùṣù Madagásíkà lọ, àti pé wọ́n ti ń tán lọ níbẹ̀ nítorí igbó etí odò tí àwọn èèyàn ń gé. Àǹtí mi ní kò burú, pé ìran wọn kò ní parẹ́ lọ́wọ́ àwọn.

Ṣùgbọ́n àwọn ẹja náà ń kú, títí ó fi ku akọ méjì àti abo kan ṣoṣo. Abo náà sì ti ń dàgbà. Ó ń yé, àmọ́ ẹyin ń bọ́ sí ìsàlẹ̀, àwọn akọ sì ń jẹ ẹ́. Ọ̀gá Akínọ̀ṣọ́, télọ̀ tó wà nítòsí, a máa béèrè bóyá kí òun lọ ra ata tí a ó fi sè wọ́n wá. Àǹtí mi á ní kó ra á fún ẹ̀wà tirẹ̀.

Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń dìrí fún mi, ọwọ́ wọn dúró lórí mi. Abo ẹja náà ń fara ra ewé kan tó ṣẹ́ kù nínú omi.

Wọ́n ní, “Ibi tó máa so ẹyin mọ́ ló ń wá.”

Wọ́n gé òwú dúdú tí wọ́n fi ń dìrí, wọ́n so ó mọ́ ìgò ike òfìfo, wọ́n jẹ́ kó léfòó, kí òwú náà sì rọ̀ sínú omi bí irun. Kò pẹ́ tí omi fi dúdú bíi tìróò, nítorí àwọ̀ òwú náà ń ṣí. Àwọn ẹja gòkè wá, wọ́n ń la ẹnu. Ọ̀gá Akínọ̀ṣọ́ kò ṣàwàdà lọ́jọ́ náà. Òun ló bá wa gbé omi tuntun.

Nígbà tó yá, ó rọra sọ fún Àǹtí mi pé, “Ìyá Ishaq, ẹ fi wọ́n sílẹ̀.”

“Ọ̀gá Akínọ̀ṣọ́, bí irun tí mo dì bá wọ́, mo máa ń tú u ni, màá tún un dì. Ṣé kí n ní kí oníbàárà gbé orí rẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀?”

Wọ́n gbé òwú mìíràn ka iná. Wọ́n ń sè é, wọ́n ń da omi rẹ̀ nù, títí omi náà fi mọ́ gaara. Wọ́n wá so òun náà mọ́ ìgò, wọ́n fi í sínú àpótí.

Abo náà kò jẹ́ kó pẹ́ kó tó wọ inú òwú náà. Nígbà tí mo padà wá láti ilé ìwé lọ́jọ́ kejì, ẹyin ti so mọ́ ọn bí ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́. Àǹtí gbé òwú náà sínú abọ́ ọ̀tọ̀, kí àwọn akọ má baà rí i jẹ.

Àwọn ọmọ ẹja náà jáde ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Wọn kò ju irun ìpéǹpéjú lọ, gbogbo wọn sì gbé orí sókè bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Ọ̀gá Akínọ̀ṣọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wò wọ́n. Ó bi Àǹtí mi bóyá òun lè tọ́jú díẹ̀ nínú wọn ní ṣọ́ọ̀bù tòun tí wọ́n bá dàgbà.

Wọ́n ní àwọn gbà, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ gbàgbé ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń ta ata.